Iṣẹ́ Ẹni tí ń Fún Asáré Lómi

Nígbà tí eré ìje bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí ó ń sáré ni gbogbo ojú máa ń wò. Òun ni a ń pàtẹ́wọ́ fún, òun ni a ń pe orúkọ rẹ̀, òun náà ni a ó sì fún ní ẹ̀bùn bí ó bá borí. Ṣùgbọ́n bí eré náà bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀ tí a sì parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sí asáré kan, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, tí ó lè sá a já láìsí ẹni tí yóò nawọ́ omi sí i lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó nawọ́ omi yìí kì í gba ẹ̀bùn. A kì í kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Asáré tí ó ràn lọ́wọ́ pàápàá kì í sábà rí ojú rẹ̀ dáadáa kí ó tó kọjá lọ. Nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ̀rọ̀ nínú àyọkà yìí. A ó rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn bí a ti rò, àti pé ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ju kí a kàn bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ eré tí à ń pè ní màrátọ́ọ̀nù. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 42. Àwọn eré mìíràn wà tí ó gùn ju èyí lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, ni èyí tí à ń pè ní Comrades, tí wọ́n ń sá ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, láàárín ìlú Durban tí ó wà ní etí òkun àti ìlú Pietermaritzburg tí ó wà lórí ilẹ̀ òkè. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá gbéra láti Durban ní ọdún kan tí wọ́n sì gun òkè lọ, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọn yóò gbéra láti Pietermaritzburg, wọn yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí etí òkun. Ojú ọ̀nà náà tó nǹkan bí kìlómítà 90. Kí ó lè yé yín bí ó ti jìn tó, ẹ rántí pé ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀. Òkè márùn-ún tí ó lórúkọ ni ó dúró de àwọn asáré: Cowies Hill, Field's Hill, Botha's Hill, Inchanga àti Polly Shortts. Wákàtí 12 ni a fún olúkúlùkù láti fi dé òpin. Ẹni tí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní gba nǹkan kan.

Ọ̀gbẹ́ni Vic Clapham, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwa ọkọ̀ ojú irin, ni ó dá eré yìí sílẹ̀. Ó ti jẹ́ ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn gan-an nínú ogun tí wọ́n jà ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ogun náà parí ní ọdún 1918, ó fẹ́ kí a máa rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kú sójú ogun. Ohun ìrántí tí ó fẹ́ fún wọn ni eré líle kan tí yóò dán ìfaradà ọmọ ènìyàn wò. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe ń pe eré náà ní Comrades, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn alábàárìn, àwọn tí wọ́n jọ jẹ ìyà kan náà pọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ọdún 1921, àwọn ọkùnrin 34 gbéra. Àwọn 16 péré ni ó dé òpin. Bill Rowan ni ó ṣáájú wọn, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 59 ni ó sì fi sá a.

Ṣùgbọ́n orúkọ rere tí a sọ eré náà kò tètè rò ó. Fún ọdún púpọ̀, ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni òfin eré náà gbà láyè. Obìnrin kan, Frances Hayward, sá a dé òpin ní ọdún 1923. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Robert Mtshali, sá a dé òpin ní ọdún 1935. Oòrùn kan náà ni ó pa wọ́n, òkè kan náà ni wọ́n gùn, ṣùgbọ́n a kò ka àwọn méjèèjì mọ́ àwọn tí ó sáré. Ó di ọdún 1975 kí a tó ṣí ilẹ̀kùn eré náà fún obìnrin àti fún adúláwọ̀ ní tòótọ́. Ní ọdún 1989 ni Sam Tshabalala di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó borí gbogbo asáré níbẹ̀.

Bí a ti ń fún àwọn asáré lómi náà ti yí padà. Látijọ́, olúkúlùkù asáré ni ó ń wá olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹni náà a gbé omi àti oúnjẹ dání, a sì máa tẹ̀ lé ẹni tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rẹ́ tí ó ní ọkọ̀ rí ìtura. Ẹni tí kò ní ènìyàn ń fi ojú wo omi ẹlòmíràn kọjá. Lóde òní, àwọn ibùdó ìtura ni ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, iye wọn a sì máa lé ní 40 ní ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó fi jẹ́ pé asáré kò ní rìn jìnnà kí ó tó tún bá òmíràn pàdé. Àwọn ènìyàn tí wọ́n yọ̀ọ̀da ara wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ilé tí ó ti wá. Ẹni tí ó bá ti ń sáré ni ó ni omi.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kàn mí ju bí ẹ ti lè rò lọ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé girama, a máa ń sá eré ọlọ́nà jíjìn kan kí ọjọ́ ìdíje láàárín ilé kan àti ilé kejì tó pé. Ilé aláwọ̀ ewé ni mo wà. Nítorí pé ẹsẹ̀ mi kò yá, olórí ilé wa gbé garawa omi kan àti ife méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ dúró ní oríta tí ó wà lẹ́yìn oko ilé-ìwé. Ó kìlọ̀ fún mi gidigidi pé, "Àwọn ọmọ ilé wa nìkan o!" Mo ṣe bí ó ti wí. Bí ọmọ ilé wa bá yọ, n ó bu omi fún un. Bí ọmọ ilé mìíràn bá yọ, n ó fi ìdérí dé garawa.

Nígbà tí oòrùn ti mú, ọmọkùnrin kan láti ilé aláwọ̀ pupa dé. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn dúró níwájú mi, ó na ọwọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo garawa, mo sì wí fún un pé omi ti tán. Bí mo ti ń sọ èyí, ẹsẹ̀ mi kọ lu garawa náà, omi sì mì nínú rẹ̀. Àwa méjèèjì ni a gbọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan; ó yí padà, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò tíì rìn jìnnà ju ibi tí a lè sọ òkò dé lọ tí ó fi dojú bolẹ̀. Mo kígbe, àwọn olùkọ́ sáré wá, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ méjì ni ó lò níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó yá. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ bí kò ṣe èmi àti òun, òun kò sì fi ẹjọ́ mi sùn. Nígbà tí mo gbé garawa náà padà sí ilé-ìwé, omi tí ó kù nínú rẹ̀ ju ààbọ̀ lọ. Mo ti dàgbà, mo ti di olùkọ́, síbẹ̀ ìró omi náà kò tíì kúrò ní etí mi.

Ẹ wá jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ìtura Comrades, kí á lè rí bí ó ti yẹ kí a ṣe iṣẹ́ tí èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Oṣù kẹfà ni wọ́n sábà máa ń sá eré náà, ìgbà òtútù sì ni ní apá ibẹ̀. Òkùnkùn ṣì ṣú nígbà tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń jáde, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ti ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀. Wọn yóò to tábìlì lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Omi wà nínú ọ̀rá kéékèèké. Ó dà bí omi inú ọ̀rá tí à ń rà ní ọjà wa, ṣùgbọ́n ó kéré jù ú lọ púpọ̀, tí asáré fi lè fi eyín já igun rẹ̀, kí ó mu díẹ̀, kí ó sì da ìyókù sí orí láìdúró. Wọn yóò gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn sí ọ̀nà méjì méjì. Wọn yóò se pòtétò, wọn yóò sì bu iyọ̀ sí i. Ohun mímu aládùn kò ní gbẹ́yìn. Gbogbo ìwọ̀nyí ní ìdí, nítorí pé okun tí oúnjẹ àná fi sínú ara kò lè gbé ènìyàn dé òpin irú ọ̀nà báyìí. Bí ṣúgà inú ara bá tán, ẹsẹ̀ yóò kọ̀, ojú yóò sì máa ṣú.

Àwọn tí ó ṣáájú kì í dúró rárá. Ní ọdún 2023, Tete Dijana sọ̀ kalẹ̀ láti Pietermaritzburg dé Durban ní wákàtí 5, ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58. Irú asáré bẹ́ẹ̀ ń kọjá bí afẹ́fẹ́. Nítorí náà olùrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sáré wọ àárín ọ̀nà lọ bá a. Yóò dúró sí ipò rẹ̀, yóò na apá rẹ̀ tán, yóò fi ìka méjì di etí ọ̀rá mú kí ó lè tètè bọ́ sí ọwọ́ asáré, yóò sì máa kígbe ohun tí ó mú dání kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé omi ni, tàbí pé ọsàn ni. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, tábìlì àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn yóò rọ́ lù. Ẹni tí ó wà ní tábìlì ìkẹyìn ni yóò máa ké sí wọn láti òkèèrè pé omi pọ̀ ní ọ̀dọ̀ òun, kí wọ́n má baà tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Àwọn kan yóò sì máa gbá ọ̀rá òfìfo kúrò lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ yìí kò ní ògo kankan lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rá tútù a máa yọ̀ lábẹ́ bàtà, ẹni tí ó sì ti sáré 60 kìlómítà kò ní agbára tí yóò fi mú ara rẹ̀ dúró bí ó bá yọ̀.

Ní báyìí ni a dé ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Àwọn àgbà máa ń wí pé omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé ayọ̀ àyọ̀jù ni àkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Ìgbà kan wà tí a máa ń sọ fún àwọn asáré ọ̀nà jíjìn pé kí wọ́n mu omi púpọ̀ bí wọ́n bá ti lè mu ún tó, kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ní ọdún 1981, obìnrin kan tí ó ń sá eré Comrades ṣàìsàn gidigidi lójú ọ̀nà. Kì í ṣe àìrí omi mu ni ó ṣe é. Omi tí ó mu ni ó pọ̀ jù. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Dókítà Tim Noakes, onímọ̀ ìṣègùn ní Gúúsù Áfíríkà, wádìí irú àìsàn yìí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1985.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí ènìyàn bá ń mu omi kọjá ohun tí ara lè lò tàbí tí ó lè tọ̀ dànù, omi náà yóò la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá bu omi la ọbẹ̀ títí adùn rẹ̀ fi sọnù. Bí ó bá pọ̀ jù, ọpọlọ yóò wú nínú agbárí, ẹni náà sì lè kú. Ohun tí ó léwu jù nínú ọ̀ràn yìí ni pé àmì rẹ̀ jọ ti ẹni tí omi ṣẹ́ lára rẹ̀: orí yóò máa fọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì dàrú. Olùrànlọ́wọ́ tí ó láàánú ṣùgbọ́n tí kò ní ìmọ̀ yóò wí pé, "Òùngbẹ ni! Ẹ fún un lómi sí i!" Omi tí ó sì fi àánú bù náà ni yóò pa á.

Nítorí náà, òfin àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ni pé kí a nawọ́ omi sí asáré, kí a má sì fi ipá fún un mu. Òùngbẹ tirẹ̀ ni yóò darí rẹ̀. Bí asáré bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bí kò bá mọ ibi tí ó wà mọ́, bí a bá bi í ní orúkọ rẹ̀ tí kò lè dáhùn, kí a má ṣe rò pé àwa lè fi ife omi wò ó sàn. Kí a mú un jókòó, kí a sì ké sí àwọn oníṣègùn kíákíá. Ó ṣòro púpọ̀ láti sọ fún ẹni tí ó ti fi oṣù púpọ̀ múra sílẹ̀ pé kí ó dúró. Ó lè bínú, ó lè sunkún. Síbẹ̀ ẹni tí ó dá a dúró ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú jẹ́ ìtura. A kọ orúkọ asáré mọ́ nọ́ńbà tí ó wà láyà rẹ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí fi lè pè é ní orúkọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí ó ti ń ronú àtijókòó sílẹ̀, bí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àjèjì, a máa gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo. Kò yẹ kí a tan asáré jẹ. Àwọn òǹwòran a máa wí fún un pé, "Ó kù díẹ̀!" nígbà tí ó jẹ́ pé kìlómítà 25 ni ó ṣì kù. Bí ó bá gba èyí gbọ́, tí ó lo ìyókù agbára rẹ̀, nígbà tí òkè mìíràn bá yọ níwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò wó. Olùrànlọ́wọ́ rere yóò sọ iye kìlómítà tí ó kù sí ibùdó tí ó tẹ̀ lé e, yóò sì kí i kú ìrọ́jú. Òtítọ́ ìwọ̀nba ṣàǹfààní ju irọ́ aládùn lọ.

Ní ìtòsí Inchanga, ilé-ìwé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ethembeni. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Súlú ni ibi ìrètí. Àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá ṣáká ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn dáadáa àti àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Ní ọjọ́ eré, àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọn a na ọwọ́, àwọn asáré a sì máa fi ọwọ́ kàn wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Ọ̀pọ̀ asáré ni ó ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti rí agbára tí ó gbé àwọn dé òpin. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò lè sáré rárá ni ó ń fún asáré lágbára. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé òun kò ní nǹkan kan tí òun lè fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí oòrùn bá yí sí ìwọ̀-oòrùn ni ìdánwò ńlá dé bá àwọn olùrànlọ́wọ́. Àwọn tí ó yára ti kọjá tipẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti mú ọ̀rá méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n mu ìkan, wọ́n sì ju ìyókù nù. Ẹsẹ̀ ń ro àwọn olùrànlọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ti wà lórí ìdúró láti òkùnkùn. Ọkàn wọn ń fà sí ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù lẹ́yìn ni omi tọ́ sí jù. Àwọn ni oòrùn pa pẹ́ jù. Àwọn ni ẹsẹ̀ wọn bó. Àwọn ni ibi tí a là kalẹ̀ fún àkókò ń lé, nítorí pé ẹni tí kò bá dé àwọn ibì kan lójú ọ̀nà ní wákàtí tí a dá, a ó dá a dúró, a ó sì fi ọkọ̀ gbé e. Ibùdó tí omi bá ti tán níbẹ̀ kí àwọn wọ̀nyí tó dé ti kùnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lómi láàárọ̀. Olùrànlọ́wọ́ tí ó gbọ́n a máa ka ohun tí ó kù láti ọ̀sán, a sì máa fi tiwọn pamọ́ fún wọn.

Ní òpin eré náà, bí wákàtí 12 bá ti ń pé bọ̀, ẹnì kan yóò dúró, yóò kọ ẹ̀yìn sí àwọn tí ń bọ̀ kí ó má baà ṣe ojúsàájú, yóò sì yin ìbọn nígbà tí àkókò bá pé gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó kọjá ìlà kí ìbọn tó ró gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan ìlà kò gba nǹkan kan. Láàárín àwọn méjèèjì yìí, ta ni ó lè mọ̀ bóyá ọ̀rá omi kan tí a fi pamọ́, tàbí èyí tí a kò fi pamọ́, ni ó fa ìyàtọ̀?

Àwọn baba wa mọ iyì ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ní àáró, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ro oko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ti ń pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna, tí ó sì ń fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, ẹni tí a mọ̀ ni à ń ràn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹni tí ń fún asáré lómi jọ ti àgbà tí ó gbé ìkòkò omi sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó fi igbá dé e, tí ó sì wọlé lọ. Kò mọ ẹni tí yóò mu ún, kò sì dúró gbọ́ ọpẹ́.

Bí a bá fún yín ní garawa ní ọjọ́ kan, tí a sì ní kí ẹ fún àwọn ọmọ ilé yín nìkan, ẹ rántí àyọkà yìí. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ KAN

gbéra: bẹ̀rẹ̀ ìrìn tàbí eré láti ibì kan.
ìfaradà: agbára láti gba ìyà tàbí ìnira mọ́ra láìsá sẹ́yìn.
ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́: kí ẹsẹ̀ má ranlẹ̀ mọ́, bí ti ẹni tí ó mu ọtí yó.
bu omi là: fi omi kún nǹkan títí agbára tàbí adùn rẹ̀ fi dín kù.
ìjánu: ohun tí a fi sí ẹnu ẹṣin láti máa darí rẹ̀.
ojúsàájú: ṣíṣe rere fún ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ láìtọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Ta ni ó dá eré Comrades sílẹ̀, kí sì ni ó fẹ́ kí eré náà jẹ́?
2. Ọdún wo ni a gba obìnrin àti adúláwọ̀ láyè nínú eré náà ní tòótọ́? Kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí ó wí pé orúkọ rere tí a sọ eré náà kò tètè rò ó?
3. Báwo ni àwọn asáré ṣe ń rí omi mu látijọ́, báwo sì ni wọ́n ṣe ń rí i mu lóde òní?
4. Kí ni ó jẹ́ kí ọmọ ilé aláwọ̀ pupa mọ̀ pé irọ́ ni a pa fún òun? Kí ni o rò pé ó fà á tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni?
5. Ṣàlàyé bí omi ṣe lè ṣe asáré níbi. Kí ni ó mú kí àìsàn náà ṣòro láti dá mọ̀?
6. Kí nìdí tí kò fi dára láti sọ fún asáré pé "Ó kù díẹ̀"?
7. Àwọn wo ni omi tọ́ sí jù gẹ́gẹ́ bí àyọkà yìí, kí sì nìdí rẹ̀?
8. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró, ọ̀wẹ̀ àti ìkòkò omi ẹ̀bá ọ̀nà.

IṢẸ́ ÀRÒKỌ

Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú àwọn orí-ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Kí ó má ṣe dín ní 300 ọ̀rọ̀.

(a) Ọjọ́ tí mo kọ̀ láti ran ẹnì kan lọ́wọ́.
(b) "Omi kò lọ́tàá." Sọ ibi tí òwe yìí bá òtítọ́ mu àti ibi tí ó ti nílò àfikún.
(d) A pè ọ́ láti bá wọn fún àwọn asáré lómi níbi eré màrátọ́ọ̀nù ìlú Èkó, èyí tí a kọ́kọ́ sá ní ọdún 2016. Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì ṣàlàyé bí ìwọ yóò ti ṣe iṣẹ́ náà láti òwúrọ̀ títí asáré ìkẹyìn yóò fi kọjá.